Ìtumọ̀ méjì tó wà nínú "deport"

Ìwé òfin Róòmù ni mò ń kà lálẹ́ yìí, mo wá kan orísun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "deport", tó lè jẹ́ kí a lé ènìyàn jáde nílùú tàbí kí ènìyàn hùwà. Látìn ni ó ti wá: "portare" ni kí a ru nǹkan, "de" ni kúrò. Ẹni tí wọ́n bá dá ẹjọ́ "deportatio" fún, erékùṣù ni wọ́n ń kó o lọ. Ó pàdánù ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú àti dúkìá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ "relegatio", ìyẹn ìlékúrò nílùú tí kò le tó o! Èyí ni Augustus, olú-ọba Róòmù, fi lé akéwì Ovid lọ sí Tomis, ìlú kan létí Òkun Dúdú, lọ́dún 8 lẹ́yìn ìbí Kristi, ohun ìní rẹ̀ kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Faransé àtijọ́ ló mú ìtumọ̀ ìwà wá, ìyẹn ìrìnsí ènìyàn. Òun ló kọ́kọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ti lílé jáde dé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.