Níbo Ni Ó Yẹ Kí Àlàámù Ilé Ti Gba Iná?

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi àlàámù olè àti ti èéfín sílé ní Ìbàdàn máa ń náwó gidi sórí fèrè àti kámẹ́rà, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè ibi tí ẹ̀rọ náà yóò ti máa gba iná. Oníṣẹ́ iná á kàn kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá sún mọ́ ọn jù, iṣẹ́ parí. N kò fara mọ́ ọn rárá, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó ń wá ibi tí yóò ti ṣáàjì fóònù lè yọ ọ́, bátìrì inú àpótí àlàámù á sì máa gbé e lọ títí yóò fi kú láìjẹ́ pé ará ilé kankan mọ̀.

Ohun tó tọ́ ni kí àlàámù ní bréékà tirẹ̀, èyí tí kò ju ámípíà 6 lọ, nínú DB (pátákó tí gbogbo bréékà ilé wà), kí wáyà 1.5 mm² sì ti ibẹ̀ lọ tààrà sí àpótí àlàámù náà. Bí ilé bá ní ínfátà, ẹ̀gbẹ́ tí ínfátà ń gbé ni kí bréékà yìí wà. Nínú ilé tó ń gba fésì mẹ́ta, tí a ń yí kiri nígbà tí ọ̀kan bá lọ, àlàámù lè wà lórí fésì tó ti kú nígbà tí gílóòbù pálọ̀ ṣì ń tàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà gbà wọ́n láàyè láti fa iná ẹ̀rọ èéfín lára wáyà gílóòbù tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, kí òkùnkùn lè ta onílé lólobó bí bréékà bá já. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ lọ́dọ̀ wa òkùnkùn kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Orí bátìrì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. NFPA 72, ìlànà Amẹ́ríkà lórí àlàámù iná tó ń jó ilé, ní kí bátìrì àlàámù ilé lè gbé e fún wákàtí 24, kí ó sì tún lè fun fèrè fún ìṣẹ́jú 4 lẹ́yìn náà. Wákàtí 24 kéré fún àdúgbò tí iná lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí gbogbo ẹ̀rọ náà bá ń fa ámípíà 0.15 nígbà tí kò sí wàhálà, bátìrì 7 Ah (Ah ni iye ámípíà ní ìlọ́po iye wákàtí tí bátìrì lè fi fúnni) yóò gbé e fún nǹkan bíi wákàtí 46 lórí ìwé, ṣùgbọ́n wákàtí 72 ń béèrè 10.8 Ah kí a tó ka fèrè àti ogbó bátìrì mọ́ ọn. Bátìrì 17 Ah ni èmi yóò rà, lẹ́yìn tí mo bá ti wò ó nínú ìwé ẹ̀rọ pé ṣájà inú rẹ̀ lè kún un. Ẹ má sì gbé àpótí náà sí òkè àjà, nítorí pé bí ooru bá fi bíi 10°C ju 25°C lọ, ọjọ́ ayé bátìrì lè dín sí ìdajì.

Àwọn ẹ̀rọ tí ẹbí ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà sábà máa ń bá tiransifọ́má 120 fóltì wá, tí yóò jóná bí a bá kì í bọ iná 230 wa. Tiransifọ́má tó bá iná wa mu náà ní wàhálà tirẹ̀: èyí tó ń fúnni ní fóltì 16.5 kò ní fúnni tó 11 nígbà tí iná bá rọ̀ dé 150, bátìrì kò sì ní kún.

Wáyà fèrè ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré. Wáyà tín-ín-rín 0.22 mm² tó gùn ní mítà 30 yóò jẹ fóltì 2.4 mọ́ fèrè tó ń fa ámípíà 0.5 lọ́wọ́, ṣùgbọ́n 1 mm² kò ní jẹ ju bíi 0.5 lọ. Nítorí náà, nígbà ìdánwò, ẹ pa bréékà, ẹ jẹ́ kí bátìrì nìkan fun fèrè, kí ẹ sì gbé mítà sí ẹnu fèrè gan-an, kì í ṣe sínú àpótí, nígbà tó ń dún lọ́wọ́.