Mílíọ̀nù mẹ́ta tó wọ báńkì lọ́jọ́ Ẹtì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ bíbá èèyàn ṣe ìwé físà, Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn níbí ni mo ti ń ṣe é láti bí ọdún 11 sẹ́yìn. Oníbàárà tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ẹni tí mo kọ́kọ́ bá iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ìyá kan ni, oníṣọ̀ aṣọ ní Gbági. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí Manchester, ó sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Inú ọ̀rá dúdú kan ni gbogbo ìwé rẹ̀ wà, ó ń yọ wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yọ ẹyin lábẹ́ adìẹ tó ń sàba. Mo wo ìwé báńkì rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì wọlé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n jáde, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ láti òkè dé ilẹ̀. Àyà mi já pé owó yìí ò tó, ni mo bá ní kó wá kún un. Àbúrò rẹ̀ fi mílíọ̀nù 3 náírà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo fi ìwé ṣọwọ́.

Wọn ò fún un. Lẹ́tà náà ní àwọn ò mọ ibi tí owó ńlá yẹn ti wá, pé kò bá èyí tó ń wọlé fún un lóṣooṣù mu. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé wọn ò gbà pé mò ń ta aṣọ ni?"

Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Owó kéékèèké tí mo fojú rénà gan-an ni ẹ̀rí pé ó ń tajà. Ẹni tó jókòó ti ìwé yẹn ò dé Gbági rí. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń bọ̀, ohun tó ń bọ̀ wá ṣe, ẹni tó máa sanwó, àti ohun tó máa dá a padà sílé. Nígbà tá a máa tún un ṣe, a dá owó onówó padà. A kó rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù jọ, a fi ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀ tì í, ọmọ rẹ̀ kọ lẹ́tà pé ọ̀dọ̀ òun ni màmá máa sùn, ó sì fi ìwé owó oṣù rẹ̀ há a. Wọ́n fún un ní físà àbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà.

Nítorí náà, bí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ bá òun wá ìwé báńkì tí kì í ṣe tòun, ẹ kọ̀ fún un, kódà bó bá jẹ́ ẹbí yín. Tí ọwọ́ bá tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10.

Ẹ máa wo orúkọ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Àwa Yorùbá á jẹ́ Abíọ́dún nínú páásìpọ́ọ̀tù, a ó jẹ́ Bíọ́dún ní báńkì.

Ti Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo físà kan náà, ló máa ń da èèyàn láàmú jù. Ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 ni, gbogbo wọn pa pọ̀ ló sì kàn. Ẹni tó ti lo ọjọ́ 60 ní Faransé, 30 ló kù fún un ní Jámánì. Orílẹ̀-èdè tó máa pẹ́ sí jù ló máa gba físà lọ́wọ́ wọn. Páásìpọ́ọ̀tù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì lo oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tó máa kúrò lọ́dọ̀ wọn, ìnṣọ́ránsì ìtọ́jú ara rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan: ó pẹ́ tán, ó ku ọjọ́ 15 kó gbéra ni ìwé ti gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ sì máa bi í léèrè ibi tí ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ máa yà sí, torí pé lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, wọ́n máa ń béèrè físà kó tó lè pààrọ̀ ọkọ̀ ní pápákọ̀ wọn, bí kò tiẹ̀ jáde síta, àyàfi bó bá ti ní irú físà kan bíi ti Amẹ́ríkà lọ́wọ́.

Ẹni tó ń lọ sí Accra ní Gánà tàbí Kùtọnu ò nílò físà fún ọjọ́ 90, ṣùgbọ́n kó mú yẹ́lò káàdì dání. Ó di ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kí káàdì náà tó jẹ́ ojúlówó, nítorí náà abẹ́rẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò ò wúlò. Lóṣù Kẹta ọdún 2012, South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti pápákọ̀ òfúrufú nítorí káàdì yìí, tàwọn ti físà lọ́wọ́ wọn.

Físà ò ní kí òṣìṣẹ́ ibodè má béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà ìwé wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú èyí tí wọ́n máa gbé sísàlẹ̀ ọkọ̀. Fún àwọn àgbàlagbà, mo máa ń kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ọmọ wọn sórí ìwé pélébé kan. Etí ìró ni ìyá Gbági ká tirẹ̀ sí. Nígbà tó padà dé, ó ní òṣìṣẹ́ náà bi òun pé oṣù mélòó lòun máa lò, òun na ìka mẹ́ta sókè, òun sì fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ní òpin oṣù mẹ́ta náà, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà.