Fídíò fún aláìsàn tó ń gbé kátétà lọ sílé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe kó gbogbo ọ̀rọ̀ kátétà, rọ́bà tí wọ́n ń tì bọ inú àpò ìtọ̀ kí ìtọ̀ lè máa gba ibẹ̀ ṣàn sínú báàgì, sínú fídíò gígùn kan. Ẹni tí báàgì ìtọ̀ rẹ̀ kún lóru kò ní ráyè wá ibi tí ẹ ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dà á nù. Iṣẹ́ kan, fídíò kan, ìṣẹ́jú 2 sí 3.

Ẹ̀yìn èjìká ẹni tó ń ṣe é ni kí kámẹ́rà wà, kí aláìsàn lè rí ọwọ́ yẹn bí yóò ṣe máa rí tirẹ̀. Tí ẹ bá yà á láti iwájú, ọ̀tún á di òsì mọ́ ọn lójú. Irú báàgì tí ẹ fẹ́ fún un gan-an ni kí ẹ lò, torí ẹnu wọn kì í ṣí bákan náà.

Ibi dída ìtọ̀ nù ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Kí aláìsàn fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Kí ó dà á nígbà tó bá kún dé ìdajì tàbí díẹ̀ sí i, torí báàgì tó wúwo máa ń fa rọ́bà. Ẹnu báàgì kò gbọdọ̀ kan ike tí wọ́n ń dà á sí, ibẹ̀ ni kòkòrò àrùn ti ń rí ọ̀nà gòkè. Ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ọn títí àlàfo àárín wọn yóò fi hàn. Lẹ́yìn náà, kí ó nu ẹnu báàgì, kí ó sì tì í padà.

Láti fi hàn bí rọ́bà tó ká ṣe ń dí ìtọ̀ lọ́nà, ẹ bu omi aláwọ̀ sínú rọ́bà kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ká, kí àwọn aláìsàn rí bí omi ṣe dúró. Bí ìtọ̀ kò bá wá mọ́, wọn á kọ́kọ́ yẹ rọ́bà náà wò láti ara dé báàgì bóyá ó ká, wọn á sì rí i pé báàgì wà nísàlẹ̀ ikùn, tí kò sì kan ilẹ̀.

Ewu gbọ́dọ̀ ní fídíò tirẹ̀: ìtọ̀ tó dá pẹ̀lú inú ríro, ibà àti òtútù, ẹ̀jẹ̀ dídì, ìtọ̀ tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà. Ẹ kọ nọ́ńbà tí wọn yóò pè sójú àwòrán. Kí wọ́n má fa kátétà yọ rárá: bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n fi omi kún, tó sábà máa ń gba bíi mílílítà 10, ló dì í mú nínú, fífà á lè ya ojú ọ̀nà ìtọ̀.

Ẹ wo fídíò náà láìsí ohùn. Bí iṣẹ́ náà kò bá yéni, ẹ tún un yà. Ẹ rí i pé ó ti wà lórí fóònù wọn kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, torí dátà lè má sí nílé.

“Ṣé ó yé yín?” kì í ṣe ìdánwò, gbogbo ènìyàn ló máa ń ní ó yé òun. Ẹ gbé báàgì tí omi wà nínú rẹ̀ fún un, kí ó dà á níṣojú yín. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tàbí ìyàwó ni yóò máa ṣe é nílé, àwọn gan-an ni kí ẹ gbé e fún.