Tí wọ́n bá ní kí o ṣe kíláàsì ìtàn Amẹ́ríkà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Texas

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá kàwé ní Texas, ó tún kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbí tẹ́ ẹ ń sún kọ́ọ̀sì yìí síwájú láti sẹmẹ́sítà kan dé òmíì. Bóyá nọ́ọ̀sì lo fẹ́ ṣe o, bóyá kọ̀ǹpútà, bóyá ìṣirò owó, tó bá ṣáà ti jẹ́ ilé ìwé gíga ìjọba, òfin ìpínlẹ̀ Texas ní o gbọ́dọ̀ ṣe krẹ́díìtì 6 nínú ìtàn Amẹ́ríkà kí wọ́n tó fún ẹ ní dìgírì. HIST 1301 ló máa ń mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé 1877, 1302 á wá gbà á níbẹ̀ dé òde òní. Mo mọ̀ pé inú máa ń bí ọ̀pọ̀ nínú wa sí i, wọ́n á ní kí ló kan ẹni tó fẹ́ gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ nínú ọ̀rọ̀ George Washington. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni, nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tí mo ṣe òun ni mo ṣì ń rò títí dòní, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ohun tó yé mi níbẹ̀.

Tí wọ́n bá ti ń sọ ìtàn fún ẹ, kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti mú un. Ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń yan ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó bá sì yàn ló máa sọ ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí wọ́n jẹ níyà. Àwọn àgbà wa ṣáà ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì 1302 wa. Prófẹ́sọ̀ ní kí kálukú kọ ọdún tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ sórí pépà, kí ẹnikẹ́ni má wo fóònù. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó pọ̀ kọ 1941, torí December ọdún yẹn ni Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor. Èmi kọ 1939 bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé, ìgbà tí Jámánì wọ Poland tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun. Ọmọ China kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé kọ 1937, ó ní July ọdún yẹn ni ìbọn ti dún ní afárá Marco Polo lẹ́bàá Beijing, kó tó di pé ọdún yẹn parí Japan ti gba Nanjing wọ́n sì ti pa èèyàn lọ bẹẹrẹ. Ọmọ Ethiopia kan wá kọ 1935, torí ìgbà yẹn ni Mussolini kó ọmọ ogun wọ ìlú wọn. Prófẹ́sọ̀ kọ gbogbo ẹ̀ sójú pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì pa ìkankan rẹ́, ó kàn yíjú sí wa ó ní ṣé a rí i.

Mo rí i lóòótọ́. Tó bá jẹ́ pé 1941 lo ti mú un, Amẹ́ríkà ló jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀ tí wọ́n wá bá a jà, tó dìde tó gba ayé là. Tó bá jẹ́ 1935 lo ti mú un, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ wá sí ẹ lọ́kàn ni pé àwọn wo ló ń wòran nígbà tí Haile Selassie lọ sí Geneva ní 1936 lọ bẹ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n gba òun, tí wọn ò ṣe nǹkan gidi kan sí i. Ogun kan náà ni o, àmọ́ kò sẹ́ni tó parọ́ nínú gbogbo àwa tá a kọ ọdún.

Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé àwọn bàbá bàbá wa náà wà níbẹ̀. Ogun Hitler ni wọ́n ń pè é nílé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ sí Bọ́mà (Myanmar òde òní), wọ́n wà nínú dìfíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó bá Japan jà nínú igbó kìjikìji níbẹ̀. Ìwé kíláàsì wa ò dárúkọ wọn níbì kankan. Mo fi ṣe essay mi, prófẹ́sọ̀ ní kí n wá ka apá kan ẹ̀ sétígbọ̀ọ́ kíláàsì, inú mi dùn jọjọ lọ́jọ́ yẹn torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbọ́ ọ rí pé èèyàn dúdú láti Nàìjíríà jagun ní Éṣíà.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí o máa wá ìwé tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kọ fúnra wọn lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ìwé kíláàsì dáa, kà á, ìdánwò á jáde látinú ẹ̀, àmọ́ ìwé táwọn èèyàn yẹn fọwọ́ ara wọn kọ ló máa ń parí àríyànjiyàn. Ní 1301, ọ̀rọ̀ dé orí ohun tó fa Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù àti àríwá bá ara wọn jà láti 1861 sí 1865, ọ̀rọ̀ sì gbóná. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Texas, ọmọlúàbí ni, ó ní ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni wọ́n jà fún, ìyẹn pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ṣe òfin tiẹ̀ láìsí pé ìjọba àpapọ̀ dá sí i, pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún òun nílé nìyẹn, pé baba ńlá òun ò ní ẹrú kankan síbẹ̀ ó lọ sójú ogun. Ẹlòmíì ní ọ̀rọ̀ ẹrú ni, kò sí nǹkan míì. Prófẹ́sọ̀ ò dá sí i rárá, ó kàn pín ìwé tí Texas kọ ní February 2, 1861 láti ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń kúrò nínú ìṣọ̀kan Amẹ́ríkà, ó wá ní kí ọmọkùnrin yẹn kà á sókè.

Ó kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ìpínlẹ̀ tó ń kó ẹrú ni Texas nígbà tí wọ́n gbà á wọlé, pé bẹ́ẹ̀ ló ti rí látìgbà táwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, pé àwọn èèyàn ẹ̀ sì fẹ́ kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí láé. Ibi tó wá ya èmi lẹ́nu jù nìyí, wọ́n tún ń fi ẹjọ́ àwọn ìpínlẹ̀ àríwá sùn níbẹ̀, pé wọ́n ń ṣe òfin tiwọn tí kò jẹ́ kí wọ́n dá ẹrú tó bá sá padà fún olówó ẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ìpínlẹ̀ àríwá ló ń lo ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, Texas ló ń bínú sí i! Ohùn ọmọkùnrin yẹn ń lọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kà á, nígbà tó parí ó fi pépà náà sórí tábìlì ó sì ń wò ó. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá ó ní òun máa mú un lọ hàn wọ́n nílé, mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an fún ìyẹn, torí kò rọrùn kí èèyàn gba ohun tó yàtọ̀ sí èyí táwọn òbí ẹ̀ sọ fún un.

Torí Texas la wà, ẹ máa gbọ́ Juneteenth dáadáa, ìyẹn ọjọ́ ìrántí ìgbà tí ìròyìn òmìnira dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú Texas. Ààrẹ Lincoln kéde ìdásílẹ̀ ẹrú ní January 1, 1863, àwọn ibi tó ń bá ìjọba jà nìkan ni ìkéde yẹn sì kàn, kò kan Kentucky, Missouri, Maryland àti Delaware tí wọ́n ṣì ń kó ẹrú àmọ́ tí wọn ò kúrò nínú ìṣọ̀kan. June 19, 1865 ni Ọ̀gágun Gordon Granger ti ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé àṣẹ jáde ní Galveston pé àwọn ẹrú tó wà ní Texas, tí wọ́n tó bíi 250,000, ti dòmìnira. Máa kíyè sí irú àlàfo báyìí láàárín ọjọ́ tí wọ́n kọ òfin àtọjọ́ tí òfin dé ọ̀dọ̀ èèyàn, àwọn prófẹ́sọ̀ fẹ́ràn kí wọ́n fi dán wa wò.

Àwọn ọmọ Mexico tó wà nínú kíláàsì náà ní tiwọn. Abẹ́ Mexico ni Texas wà tẹ́lẹ̀. Ìtàn Alamo tí gbogbo ọmọ Texas mọ̀ láti kékeré, ibi odi tí ọmọ ogun Mexico ti pa àwọn ará Texas tó ń jà fún òmìnira ní 1836, akọni ni gbogbo wọn. Ọmọbìnrin kan wá ní kí a padà sẹ́yìn díẹ̀ sí 1829, ọdún tí Ààrẹ Mexico, Vicente Guerrero, tóun náà ní ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ lára, fòfin de kíkó ẹrú. Àwọn òyìnbó tó wá tẹ̀dó sí Texas ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀, nígbà tí wọ́n sì gba òmìnira ní 1836 wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìlú wọn pé ẹrú ò ní dòmìnira. Bí àwọn ẹrú kan ṣe ń sá lọ sí àríwá, àwọn míì ń sọdá odò Rio Grande lọ sí Mexico. Èmi ò gbọ́ ìyẹn rí kó tó di ọjọ́ yẹn, ọmọ kíláàsì bíi tèmi ló kọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa kàn ẹ́ dandan tó o bá jẹ́ ọmọ Yorùbá nínú kíláàsì yẹn, ó dáa kó o ti múra ẹ̀ sílẹ̀. A dé orí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrú. Màmá kan wà láàárín wa, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn ti dàgbà kí wọ́n tó padà sílé ìwé. Wọ́n yíjú sí mi, ohùn wọn ò le rárá, wọ́n ní ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ tà wá?

Má sẹ́ ẹ. Má sì jẹ́ kó parí síbẹ̀ yẹn náà. Mo sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni ma, àwọn ọba wa àtàwọn ológun wa kó èèyàn wọ́n sì tà wọ́n, òyìnbó ò kàn wọ igbó kó wá ká èèyàn bí èso. Mo wá ṣàlàyé pé nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun Òwu àti àwọn ogun tó tẹ̀ lé e bẹ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó nígbà náà, Brazil àti Cuba ni púpọ̀ nínú wọn lọ, ìdí nìyẹn tí òrìṣà fi gbilẹ̀ ní Bahia àti Havana. Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti January 1, 1808, àwọn tí wọ́n kó wá síbí ṣáájú ìyẹn, Senegambia, Kóńgò àti Àǹgólà, ilẹ̀ Ìgbò àti etíkun Gold Coast ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, Yorùbá ò pọ̀ láàárín wọn.

Mo wá sọ ìtàn ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda fún wọn. Ní 1860, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn òfin, olówó kan ní Mobile, Alabama tó ń jẹ́ Timothy Meaher rán ọkọ̀ náà lọ sí Ouidah, èbúté kan ní Dahomey. Ọmọ ogun Dahomey ló kó àwọn èèyàn náà nílùú wọn, ọ̀gá ọkọ̀ tó ń jẹ́ William Foster sanwó lé wọn lórí, ó kó bíi 110 wọ Mobile lóru, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má bàa tú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn yẹn, Yorùbá ni wọ́n, Kossola tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis wà lára wọn, láti agbègbè Bantè ní Benin òde òní. Nígbà tí wọ́n dòmìnira wọ́n ń wá owó ọkọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ padà sílé, owó ò tó, wọ́n ní kí Meaher fún àwọn nílẹ̀, ó kọ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ wọ́n ra ilẹ̀ wọ́n sì tẹ Africatown dó. Kossola gbé ayé títí di 1935. Ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí àjókù ọkọ̀ yẹn nínú odò.

Màmá yẹn ní kí n tún orúkọ Kossola pè, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Wọ́n ní nítorí náà, ẹni tó tà àti ẹni tí wọ́n tà, ẹni tó rà àti ẹni tó sun ọkọ̀, orúkọ gbogbo wọn la mọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Látọjọ́ yẹn ìjókòó kan náà la jọ ń jókòó sí.

Nǹkan míì tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo máa ń kọ ọdún ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún Amẹ́ríkà nínú ìwé mi. Ẹ wo 1861. April ni ìbọn dún ní Fort Sumter, tí Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀. August ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ipá gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú, Ogun Ìjàyè ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun àríwá dí etíkun gúúsù pa, òwú ò jáde mọ́, àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Manchester ń wá òwú kiri lọ sí Egypt, India, títí dé Abẹ́òkúta wa. Kódà ṣáájú ogun yẹn, ní December 1859, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kan, Martin Delany, àti Robert Campbell tó jẹ́ ọmọ Jàmáíkà, ti wà ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ń bá Aláké àtàwọn ìjòyè fọwọ́ sí ìwé pé kí àwọn adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà wá máa gbé níbẹ̀. Delany padà, wọ́n fi í jẹ méjọ̀ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní 1865. Campbell náà kúrò, àmọ́ ó padà wá gbé ní Èkó, ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní 1863. Tó o bá ti rí irú ìdè báyìí, ọdún ò ní ṣòro há sórí mọ́.

Ní ti ìdánwò, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé pé ká kọ gbogbo ohun tá a mọ̀ sílẹ̀, wọn ò fẹ́ ẹ níbí. Sọ èrò ẹ ní ìlà àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, kó o wá fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Máa sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, tó o bá ń takò prófẹ́sọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí, kò ní kà á sí àrífín, máàkì ló máa fún ẹ. Tó bá ní òun wà ní ọ́fíìsì láti aago méjì sí mẹ́rin, lọ bá a.

Ọ̀fẹ́ ni àwọn ìwé tí mo ń sọ yìí o. Ìkéde Texas yẹn àti ti Mississippi wà lórí Avalon Project ti Yale, ìkéde Lincoln wà ní National Archives. Library of Congress náà ní ohùn àwọn tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí, wọ́n gbà á sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ti darúgbó. Ẹ ki earphone bọ etí, ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó ka orí tó sọ̀rọ̀ nípa wọn nínú ìwé kíláàsì.