Checkride mi: ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó yege

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24, oṣù kẹrin

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ rèé, ó yẹ kí n ti sùn torí aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa gbé ẹrù lọ sí Laredo, àmọ́ oorun ò kùn mí rárá. Ìwé pélébé kan ló wà níwájú mi lórí tábìlì, ìwé lásán tí wọ́n fi printer tẹ̀, kò tiẹ̀ jọjú, àmọ́ orúkọ mi ló wà lára ẹ̀ pé mo ti yege nínú checkride, ìdánwò àṣekágbá àwọn tó ń kọ́ bàálù wíwà, mo ti di private pilot, ẹni tó lè dá wa bàálù. Ọjọ́ 120 ni mo lè fi máa fò kí káàdì gidi tó dé láti ọ̀dọ̀ FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà. Mo ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ìyá Tòmíwá ní tí mo bá tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, òun máa gbé e pa mọ́.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń wa tírélà ní Texas níbí. Òpópónà 59 láti Houston dé Laredo, kò sí kòtò ibẹ̀ tí mi ò mọ̀. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Bàálù tó bá wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń darí ẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Nǹkan kan tó jọ sítíárìn wà níwájú ẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó o yí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, ibi tí bàálù ń lọ náà ló máa lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lọ́wọ́ mi ò gbọ́, tá a bá ti ń rìn lọ sójú runway (ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra) ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan yẹn bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀yìn ki tírélà bọ yáàdì, tíṣà mi á wá máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún 25 ni tíṣà ọ̀hún o, ọmọbìnrin òyìnbó, ọdún 21 ni mo fi jù ú lọ. Tá a bá ti wọ bàálù báyìí òun ni ọ̀gá, tó bá ti ní “my controls” kí n ká ọwọ́ mi kúrò ńbẹ̀ kíá ni, kò sí ọ̀rọ̀ àgbà níbẹ̀.

Òfin ní ó kéré tán kéèyàn fò fún wákàtí 40 kó tó lè ṣe ìdánwò. Wákàtí 71 lèmi fò. Ọdún méjì àti díẹ̀ ló gbà mí, torí tí ẹrù bá wà mo gbọ́dọ̀ lọ gbé ẹrù, tí owó bá tán màá dúró, tí owó bá tún wọlé màá padà lọ rèé tún ohun tí mo ti gbàgbé kọ́. Dọ́là tó ti bá a lọ lé ní 18,000, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi rí ibi tí mo kọ èyí sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di wàhálà ni ti ìdánwò kọ̀ǹpútà, ìbéèrè 60 yẹn, tí wọ́n ní kéèyàn gba 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù kẹrin ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti yege nínú ẹ̀. Oṣù 24 péré ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Tí oṣù kẹrin yìí bá fi parí tí mi ò tíì ṣe checkride tán, màá padà lọ kàwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn examiner, ìyẹn àwọn tó ń ṣe checkride fún èèyàn, sì ṣọ̀wọ́n bí epo lásìkò ọ̀wọ́ngógó, gbogbo èèyàn ló ń wá wọn, èmi ò rí ọjọ́ mìíràn gbà àyàfi ọjọ́ 11 oṣù yìí.

Ọjọ́ 11 yẹn dé. Ká tó débẹ̀ pàápàá, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ẹ̀ mo ní láti pe bàbá examiner lórí fóònù kí n bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe wúwo tó. Ẹ wò ó, èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí n pe bàbá ẹni tó ti lé ní 70 ọdún kí n máa bi wọ́n pé sà, kí ni ìwọ̀n yín. Mo rìn yí pálọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó tẹ nọ́ńbà. Wọ́n kàn dáhùn pé pọ́ùn 190, pẹ̀lú bàtà, wọ́n sì gé fóònù. Torí kò sí bó o ṣe lè ṣe ìṣirò ẹrù láìmọ̀ ọ́n: bàálù òfìfo 1,690, èmi 218 (oúnjẹ ojú ọ̀nà ni o), bàbá 190, epo gálọ́ọ̀nù 53 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ pọ́ùn mẹ́fà, ó di 318. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 2,416. Cessna 172S, irú bàálù tiwa yìí, kò gbọdọ̀ kọjá 2,550 kó tó gbéra. Ìṣirò yìí ò le fún mi, awakọ̀ tírélà ni mí, gbogbo ọjọ́ ayé mi la fi ń gun ìwọ̀n.

Ìdánwò ẹnu gba wákàtí méjì. Bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbé ìwé àtúnṣe bàálù fún mi pé kí n fi hàn wọ́n pé bàálù yìí tọ́ láti fò, mo ṣí àyẹ̀wò ọdọọdún, mo ṣí ti transponder (ẹ̀rọ tó ń fi bàálù hàn lójú rédà) tó jẹ́ oṣù 24, mo ṣí ti ELT (ẹ̀rọ tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ tí bàálù bá já). Wọ́n bi mí pé ooru ọ̀sán yìí, kí ló máa ṣe fún bàálù. Mo ní lóòótọ́ Sugar Land, pápákọ̀ òfurufú tá a wà yìí, ò ju 82 fíìtì lọ sókè òkun, àmọ́ tí ooru bá ti dé 28 Celsius, bàálù á máa ṣe bí ẹni pé ó wà ní nǹkan bí 1,600 fíìtì, torí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, propeller kò rí nǹkan gidi gbámú, ó dà bí ẹni ń fi ṣíbí oníhò bu ọbẹ̀. Bàbá wò mí. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bi mí nípa ìwà márùn-ún tó ń pa páílọ́ọ̀tì, mo kà á fún wọn, agídí sófin, ìkánjú, “kò lè ṣe mí”, “ta ló tó mi”, àti “kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i”. Wọ́n ní kí ni ààlà tí èmi fúnra mi fún ara mi lórí atẹ́gùn. Ẹnu mi yá, mo ní tó bá ń fẹ́ kọjá knot 20 (knot ni wọ́n fi ń wọn eré atẹ́gùn àti ti bàálù) mi ò ní fò, tí èyí tó ń gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ju knot 10, mi ò ní fò. Inú ìwé mi ló wà, mo ti buwọ́ lù ú.

Wọ́n ní ó dáa, mo ti yege nínú ti ẹnu, ká lọ wo ojú ọjọ́.

Atẹ́gùn ń bọ̀ láti 210 lójú kọ́ńpáàsì, knot 17, tí inú bá bí i tán á di 24. Runway tiwa, 17 ni, ó kọjú sí 170, ìyẹn ni pé apá ọ̀tún ló ti ń gbá wa. Mo ṣírò ẹ̀, tó bá ti fẹ́ gidi, èyí tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá máa tó knot 15. Knot 15 yẹn náà sì ni ìwé bàálù sọ pé wọ́n ti dán an wò dé. Bàbá jókòó, wọ́n ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú wọn. Wọn ò wí nǹkan kan. Mo bi wọ́n pé sà, kí lẹ rí sí i. Wọ́n ní “Ìwọ ni páílọ́ọ̀tì, èrò ọkọ̀ lèmi.”

Ẹ gbọ́, gbogbo nǹkan tó wà lára mi ló fẹ́ lọ. Oṣù ń parí lọ. Owó bàbá ni dọ́là 900, mo sì ti san án. Màmá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹ̀. Àbúrò mi ti sọ ọ́ sínú grúùpù WhatsApp ẹbí, àwọn èèyàn tí mi ò rí láti ọdún 2009 ti ń kí mi kú oríire. Mo sì ti balẹ̀ nínú atẹ́gùn tó jọ bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú tíṣà mi létí mi o. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mò ń wo aṣọ tó ń sọ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́, ó le gbọingbọin bí igi. Ohun tó kàn ń yí lórí mi ni pé kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi ẹnu ara mi sọ pé knot 20, knot 10.

Mo ní sà, mi ò ní fò lónìí.

Wọ́n ní “All right.” Tán. Wọ́n tẹ lẹ́tà kan fún mi pé a dá ìdánwò dúró ni, pé n kò kùnà, ohun tí mo ti ṣe kò ṣòfò, kí n padà wá parí èyí tó kù láàárín ọjọ́ 60. Ọjọ́ 60 fún wọn, àmọ́ fún èmi ọjọ́ 19 ló kù.

Ilé ò rọrùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún ará Ògbómọ̀ṣọ́ pé atẹ́gùn ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ìdánwò. Àbúrò mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé “bọ̀dá, ṣé ẹ̀rù ò bà yín ṣá”, ó fi ẹ̀rín sí i. Mi ò dáhùn. Màmá ní kò sí wàhálà, àwọn á fi ọjọ́ méjì kún ààwẹ̀.

Bàbá examiner pè mí lọ́jọ́ Ajé pé ẹnì kan ti sọ pé òun ò wá mọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ìyẹn ni tòní.

Atẹ́gùn àárọ̀ yìí, knot 7, láti 150. Kùrukùru tó máa ń bo Sugar Land láàárọ̀ ti ká kúrò kó tó di aago mẹ́wàá. Mo yẹ bàálù wò tọwọ́tẹsẹ̀, mo fa epo ní gbogbo ojú ihò ìsàlẹ̀ apá àti ìsàlẹ̀ ikùn ẹ̀, 13 ni wọ́n, mo gbé e sókè lójú oòrùn wò bóyá omi wà nínú ẹ̀. Mo sọ fún bàbá bí wọ́n ṣe máa so bẹ́líìtì àti bí wọ́n ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń gbọ́ mi bí ẹni tí ò wọ bàálù rí.

Victoria ni wọ́n ní kí n fọ̀nà ẹ̀ ṣètò, 4,500 fíìtì. A gbéra, mo ríran rí odò Brazos, mo rí Rosenberg, mo wá rí òpópónà 59 nísàlẹ̀. Ọ̀nà mi! Àwọn tírélà ń rá pálá bí èèrà. Kí n má parọ́, ó wù mí kí n wò ó díẹ̀ sí i, àmọ́ bí a ṣe dé òkè Wharton ni bàbá ní ojú ọjọ́ Victoria ti bàjẹ́, kí n gbé wọn lọ sí Bay City. Mo yí i, mo fa ìlà sórí map, mo ní máìlì 23, ìṣẹ́jú 12, epo tó wà níbí á gbé wa débẹ̀ á tún gbé wa padà. Adágún omi ńlá ti ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó wà nísàlẹ̀ Bay City ń dán lọ́ọ̀ọ́kán, mo mọ̀ pé ọ̀nà ni mo wà.

Steep turn, ìyẹn kí bàálù dẹ̀gbẹ́ gan-an kó yí po, ti òsì dáa. Ti ọ̀tún, mo sọ 80 fíìtì nù, ọgọ́rùn-ún ló sì yẹ kó mọ, ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Stall (kí apá má lè gbé bàálù mọ́), slow flight (fífò jẹ́jẹ́), fífi nǹkan bojú kí n máa wo aago nìkan, gbogbo ìyẹn kọjá. Bàbá wá nawọ́, wọ́n fa throttle, ọ̀pá tó ń fún ẹ́ńjìnì lágbára, wálẹ̀ pátápátá, wọ́n ní “Ẹ́ńjìnì ẹ ti kú.” Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo gbé imú ẹ̀ sí knot 68, oko ìrẹsì pọ̀ ní àgbègbè yẹn, mo kọ́kọ́ fojú sí ọ̀kan, ni mo bá rí i pé òpó iná tò sí etí ẹ̀, mo fi í sílẹ̀, mo mú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Epo wò, pọ́ǹpù tan, kọ́kọ́rọ́ wò. A ti ń sún mọ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n gbé agbára padà sí i.

Bay City ló ku nǹkan. Short-field, ìyẹn bíbalẹ̀ sójú ọ̀nà kúkúrú: kí táyà fọwọ́ kan ilẹ̀ níbi tí wọ́n tọ́ka sí tàbí láàárín 200 fíìtì níwájú ẹ̀, kò gbọdọ̀ kúrú. Knot 61 ló yẹ kí n fi wọlé, àmọ́ ooru ilẹ̀ ń tì wá sókè, mo rí i pé ibi tá à ń lọ ti kọjá ibi tí wọ́n ní. Ọwọ́ mi fẹ́ fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo kàn pariwo pé “going around”, pé mi ò balẹ̀ mọ́, agbára ní kíkún, flap (abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn apá) sí 20, knot 60, a gbéra padà. Bàbá ò wí nǹkan kan, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé. Mo rò pé ó ti tán fún mi nìyẹn. Mo yí po, mo tún bọ̀, lọ́tẹ̀ yìí mo tètè mú un wálẹ̀, táyà gbá ilẹ̀ ní nǹkan bí 60 fíìtì sí ibi tí wọ́n tọ́ka sí, kò dùn létí, àmọ́ ibẹ̀ ni.

Nígbà tá a padà dé Sugar Land tí mo pa ẹ́ńjìnì, bàbá bọ ẹ̀rọ etí wọn, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo bi wọ́n nípa èyí tí mo gbé sókè padà yẹn. Wọ́n ní ká ní mo fi tipá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, ìwé mìíràn làwọn ì bá máa tẹ̀ fún mi báyìí. Tíṣà mi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fò mọ́ mi, mo fẹ́ sunkún àmọ́ àwọn mẹ́káníìkì ń wò wá.

Aago méjì ọ̀sán tiwa ni mo pe màmá, aago mẹ́jọ alẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n pariwo, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà fún mi tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹgbọ́n mi obìnrin ń ṣàmín lẹ́yìn. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, wọ́n ní:

“Àkànní, èló ni wọ́n á wá máa san fún ẹ?”

Mo ní mà, láísẹ́ǹsì yìí, wọn ò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ fún mi lórí ẹ̀. Òfin ni. Tí mo bá gbé èèyàn, owó epo la lè jọ pín, èmi náà gbọ́dọ̀ dá tèmi síbẹ̀.

Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọọ̀kì ti já.

“O wá ná gbogbo owó yẹn kó o lè tún máa náwó?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n ní kò burú. Àwọn á jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ìyẹn, àwọn ò ní mẹ́nu bà á.