Kí ló ń lé wa gan-an?

Orúnkún mi ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń tẹ èyí o, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ̀ mí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ èmi àti nọ́ọ̀sì tó wọn BP mi lóṣù tó kọjá, mi ò ní tún un sọ. Ibi tó já sí ni pé wọ́n ní kí n máa ṣe ẹ́sásáìsì ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, pé ohun tí àjọ ìlera àgbáyé sọ nìyẹn. Mo ní ẹ ṣé o, mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìṣẹ́jú 150 bí ẹni tówó bọ́ lápò ẹ̀. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń jí, Táyé ò ní wẹ̀ tí mi ò bá dúró tì í, Kẹ́hìndé ò ní jẹun tí Táyé ò bá tíì wẹ̀, mo gbọ́dọ̀ ti dé ọ́físì ní Òkè-Mosàn, ní Abẹ́òkúta níbí, kó tó di mẹ́jọ, tí mo bá ṣíwọ́, ọjà Kútọ̀ ń dúró, ata ń dúró, yunifọ́ọ̀mù ń dúró. Èmi nìkan ni ò ráyè dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èmi náà ni wọ́n ní mi ò lo ara mi tó!

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní ọ́físì, ó mọ gbogbo nǹkan láyé yìí àfi ọjọ́ tó máa san ẹgbẹ̀rún márùn-ún mi. Òun ló ní kí n má da ara mi láàmú, kí n ṣáà ti máa rin ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lójúmọ́, fóònù á máa kà á. Òun náà ló tún sọ fún mi pé àwọn ará Jàpáánì ló mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yẹn wá ní 1965, pé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n ń so mọ́ ìdí, ni wọ́n fi í polówó. Ẹ ò rí nǹkan, àṣé ọjà ni wọ́n ń tà! Èmi tí wọ́n bí sẹ́yìn ọjà Ìtòkú, ta ló ń ra ọjà lóye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá lé e? Mo ná an, ó bọ́ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.

Bí mo ṣe jáde láàárọ̀ Túsìdeè nìyẹn, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo wọ ṣòkòtò àdìrẹ kan tí télọ̀ fi àjákù ìró mi rán, rọ́bà ìdí ẹ̀ ti rọ tipẹ́. Kánfáàsì Bàbá Ìbejì ni mo wọ̀, mo ki àkísà sí i níwájú kó lè bá mi lẹ́sẹ̀ mu. Bàbá Ìbejì fúnra wọn ń hanrun, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé mo lè sáré, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ìrìn ni mo bá jáde. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àdúgbò wa, àpáta lókè àpáta nísàlẹ̀, títì ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ bí ẹni ń da omi nù. Mo dé ìdagẹ̀rẹ́ yẹn, ara mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Ẹsẹ̀ ní ká dúró, ìdí ní irọ́ ni, à ń lọ. Ìdí mi ló ń tì mí bọ̀ látẹ̀yìn bí ẹni ń ti mọ́tò tí kò stáàtì! Mo fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú kó má baà já sílẹ̀ kó wá dọ̀rọ̀ gbogbo Ẹ̀gbá, mo fi ìkejì mú fóònù tí mo tan tọ́ọ̀ṣì ẹ̀, iná ń fò sókè sódò, gèlè ti ṣubú, kánfáàsì ń dún pà-pà-pà, ẹnu mi ń pe Jésù láìdáwọ́ dúró.

Ọlọ́dẹ ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ní, "Màdámù, kí ló dé?" Èémí ò jẹ́ kí n dáhùn, mo bá ju ọwọ́ sí i pé kò séwu, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ó bá tiẹ̀ lọ lóòótọ́. Ó gbá rédíò ẹ̀ mú, ó feré gé e! Ìyá alákàrà rí i pé ọlọ́dẹ tá à ń sanwó fún kó máa dúró de olè ló ń sá yìí, wọ́n fi agbada sílẹ̀ lórí iná. Ààfáà ń tàárọ̀ bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n ká agbádá sọ́rùn, bútà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, omi ń ta sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọlọ́kadà kan wà níbẹ̀ tí ò tiẹ̀ rántí pé ọ̀kadà òun ní ẹ́ńjìnnì, ó ń tì í sáré.

Ibi tí wèrè tèmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ gìrìgìrì lẹ́yìn mi, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí nǹkan bí èèyàn méje tójú wọn ti yí padà. Ènìyàn kì í ṣáà sáré nínú ẹ̀gún lásán. Mo ní, háà, nǹkan tó lè máa lé ààfáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, kí ló máa ṣe èmi tí mi ò tíì gbàdúrà! Mo bá ki eré mọ́lẹ̀. Ìsinsìnyí ni mo wá ń sáré gan-an, orúnkún ń kan àyà, mo ń sá fún àwọn tó ń sá tẹ̀lé mi! Dàhòmì kógun wá bá wa nílùú yìí ní 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864, àwọn baba wa ò sá, wọ́n dúró, wọ́n sì lé wọn padà. Àwa la wá ń sá ní Abẹ́òkúta, nítorí obìnrin kan tó fẹ́ dín ọ̀rá kù.

Ìgbà tá a dé oríta ni èémí tán nínú gbogbo wa. Ààfáà fara ti ògiri, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì... kí... kí ló ń lé wa gan-an?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ rí i ni, ààfáà?"

Kẹ́kẹ́ pa. Gbogbo ojú yí sí ọlọ́dẹ. Ọlọ́dẹ na ìka sí mi, ó ní, "Màdámù ló ní ká sá."

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà, ẹ́sásáìsì, ṣe kéré lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbọ́. Ààfáà wo ṣòkòtò àdìrẹ mi, wọ́n wo kánfáàsì, wọ́n ní Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà, wọ́n gbé bútà wọn, wọ́n lọ.

Àkàrà ti di èédú. Ìyá alákàrà fi ìgbákọ kà á lójú mi níkọ̀ọ̀kan, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọgọ́rùn-ún náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi fóònù san 3,400 náírà lójú ẹsẹ̀. Fóònù náà ní ìṣísẹ̀ 1,904 ni mo rìn. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ náírà méjì lórí ìṣísẹ̀ kan, mi ò sì tíì rìn ín pé!

Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń bí mi nínú ni ti ọlọ́dẹ yìí. Ilé kọ̀ọ̀kan ń sanwó fún un lóṣooṣù, òun ló kọ́kọ́ sá, tó sì tún ráyè mú rédíò! Mo gbé e dé mítìn lándílọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo ní ká bi í pé tó bá jẹ́ olè ló wá ńkọ́? Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò mọ nǹkan kan, àṣẹ màdámù lòun tẹ̀ lé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un! Bàbá Ìbejì wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́, àwọn tí wọ́n sun gbogbo ẹ̀ já.

Mo ṣì ń jáde o, 150 ò tíì pé. Ṣùgbọ́n ìyá alákàrà ti mọ aago mi báyìí, tí wọ́n bá ti rí mi lókè báyìí, wọ́n á ti pariwo látìsàlẹ̀: "Ìyá Ìbejì! Ṣé ìrìn ni tòní àbí eré, kí n tètè sọ epo kalẹ̀?"