Àwọn Tí Ẹ Kì Í Rí Lọ́jọ́ Tí Ẹ Bá Wá Ya PET

Ní gbàrà tí aláìsàn tó jẹ́ Yorùbá bá gbọ́ bí mo ṣe kí i, dókítà ni yóò máa pè mí títí yóò fi lọ. Mo máa ń ṣàlàyé pé n kì í ṣe dókítà: èmi ni mo ń fúnni lábẹ́rẹ́, tí mo ń tẹ́ni sórí ẹ̀rọ, tí mo sì ń ya àwòrán. Wọ́n á ṣàdúrà fún mi, èmi náà á ṣe àmín tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, iṣẹ́ ti ń lọ láti òru lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí wọn kò ní fojú kàn láé. Ọ̀rọ̀ àwọn yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ̀rọ PET ló ń ya àwòrán ibi tí oògùn tí mo fi abẹ́rẹ́ fún yín bá lọ nínú ara. FDG là ń pe oògùn náà. Ṣúgà ni, tí wọ́n so fluorine-18 mọ́ lára kó lè máa tú ìtànṣán jáde. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ló máa ń jẹ ṣúgà ju àwọn ẹ̀yà ara tó wà láyìíká rẹ̀ lọ. Otto Warburg ará Jámánì ti kíyè sí èyí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ibi tí oògùn bá pọ̀ sí ni yóò tàn nínú àwòrán. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé láàárín ìṣẹ́jú 110, ìdajì fluorine-18 á ti lọ. Bí ìṣẹ́jú 110 mìíràn bá tún kọjá, ìdajì ìyókù á tún lọ. Bí ẹni tó gbé yìnyín sórí àtẹ nínú oòrùn ọ̀sán la rí. Kò sí pé à ń fi pamọ́ di ọ̀la.

Ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà tó ń tọ́jú cyclotron fi ń wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí gbogbo ìlú ṣì ń sùn. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì yí proton, ègé tíntìnnì inú átọ́ọ̀mù, po ni cyclotron, tó ń mú un sáré kíkankíkan kó tó wá rán an lu omi díẹ̀ tó ní oxygen-18, irú oxygen kan tó wúwo, nínú; ibẹ̀ ni fluorine-18 ti ń jáde. Omi yẹn kò sábà ju ṣíbí tíì kan lọ, bẹ́ẹ̀ owó gọbọi ni wọ́n fi ń rà á. Ilé ìwòsàn tí mo wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí kò ní cyclotron tirẹ̀; ọkọ̀ ló ń gbé oògùn wá fún wa láàárọ̀. Bí cyclotron bá kọṣẹ́ lóru, àwa la ó máa pe ẹni tó ti gbààwẹ̀ láti alẹ́ pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Kò sí ìpè fóònù tó nira fún mi tó yẹn.

Láti ọwọ́ ẹnjiníà ló ti ń dé ọwọ́ onímọ̀ kẹ́místrì. Inú àpótí tí wọ́n fi òjé tó nípọn yí ká ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní kan nǹkan kan, kọ̀ǹpútà ló fi ń darí ẹ̀rọ tó ń po oògùn. Ní nǹkan bí ìdajì wákàtí, FDG ti délẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ṣe é di òní ni èyí tí Kurt Hamacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Jülich, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1986. Kí tiwọn tó dé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń jáde.

Nínú gbogbo wọn, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni ẹni tó ń yẹ oògùn wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán. Ó gbọ́dọ̀ rí i dájú pé fluorine-18 ni lóòótọ́, pé kẹ́míkà tí wọ́n lò kò ṣẹ́kù sínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n, pé kò sí májèlé bakitéríà níbẹ̀, pé asẹ́ tí wọ́n fi sẹ́ ẹ kò lu. Àyẹ̀wò kan sì wà tí èsì rẹ̀ kì í jáde kí oògùn tó wọ ara èèyàn: èyí tó ń wádìí bóyá kòkòrò kankan á hù nínú rẹ̀. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ta ló lè dúró de ọjọ́ 14? Nítorí náà, ohun tá a gbẹ́kẹ̀ lé ni pé ilé iṣẹ́ náà mọ́, pé ẹni náà sì ń ṣe é bó ṣe yẹ lójoojúmọ́, yálà ẹnì kan ń wò ó tàbí kò wò ó. Bí wọn kò bá buwọ́ lù ú, n kò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kódà bí yàrá ìdúró bá kún fọ́fọ́. Ẹni tó lè sọ pé "rárá" lásìkò tí gbogbo èèyàn ń fẹ́ kó sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ̀mí yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe wà lọ́wọ́ mi lọ.

Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. FDG àkọ́kọ́ tó wọ ara èèyàn, ilé ìwádìí Brookhaven ní Long Island, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1976. Tatsuo Ido ará Jàpáàn, Joanna Fowler àti Alfred Wolf wà lára àwọn tó ṣe é. Ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e dé Philadelphia, níbi tí Abass Alavi ti fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lábẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ PET fúnra rẹ̀, ní St. Louis ni Michel Ter-Pogossian, Michael Phelps àti Edward Hoffman ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan yẹn.

Àwa náà ní onímọ̀ físíìsì tiwa. Òun ló ṣírò bí ògiri yàrá abẹ́rẹ́ ṣe máa nípọn tó, nítorí ìtànṣán yìí lágbára ju ti X-ray lọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ aago ló máa ń tẹnu mọ́ fún wa. Aago ara ẹ̀rọ tí a fi ń wọn oògùn àti ti ẹ̀rọ PET gbọ́dọ̀ bára mu, torí oògùn ń dínkù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí aago bá yẹ̀, iye tí dókítà máa kà náà á yẹ̀, a ó sì ṣì í fi wé àwòrán oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwúwo yín náà wà nínú ìṣirò iye yẹn; ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹ gun òṣùwọ̀n, tí n kì í gba iye tí ẹ bá fẹnu sọ.

Màmá kan ní àwọn ò jẹun láti alẹ́, tíì oní mílíìkì àti ṣúgà nìkan làwọn mu, tíì kì í sì í ṣe oúnjẹ. "Ẹ má bínú, Mà," ni mo wí, "ṣúgà yẹn á mú kí insulin jáde, insulin á sì ti oògùn wa sínú iṣan ara yín, a ò ní rí ohun tí à ń wá." A fún wọn lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí mo bá tún ní kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ má tẹ fóònù, kí ẹ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora fún wákàtí kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kì í ṣe pé n kò fẹ́ ká kí ara wa. Iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ á gba oògùn. Ọ̀fun tó ń sọ̀rọ̀ náà á gbà á, òtútù pàápàá máa ń mú kí irú ọ̀rá kan ní ọrùn àti èjìká tàn.

Dókítà tó ń ka àwòrán ló wá kù. Ọpọlọ á tàn, àpòòtọ̀ á tàn, ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè tàn bíi jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ rí, tàbí apá wo ni wọ́n ti gún yín ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ dá wọn lóhùn láìfi nǹkan kan pamọ́. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan nínú mẹ́rin ni yóò ní jẹjẹrẹ prostate láyé rẹ̀. Fún ìyẹn, oògùn PSMA wà, tó ń wá jẹjẹrẹ náà kiri ibi tó bá sá sí nínú ara.

Àwọn ará ilé máa ń sọ fún mi pé ká dáwó ra ẹ̀rọ PET fún ilé ìwòsàn kan nílé. Inú mi máa ń dùn, ó sì ń ká mi lára gan-an. UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìṣègùn nuclear, àwọn tó mọ iṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: ta ni yóò tan cyclotron lóru, iná wo ni yóò fi tàn án, ta ni yóò buwọ́ lu oògùn? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáwó rán àwọn ọ̀dọ́ tó ka físíìsì àti kẹ́místrì lọ kọ́ṣẹ́. Bí irú wọn bá wà nílé yín, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé sí mi. Màá sọ ibi tí wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ fún wọn.